Pokémon Shuffle: mo ń borí Gyarados, ṣùgbọ́n kò wọ bọ́ọ̀lù. Kí ló dé?

Ìyá Mofẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ní kí n gbé géèmù Pokémon Shuffle sórí fóònù mi nígbà ọlidé, ó gbá a fún ọjọ́ mẹ́ta ó fi í sílẹ̀, èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa Pokémon ni mo wá ń bá a lọ. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kò gùn. Ìjà kan ò ju ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lọ, mo lè ja ọ̀kan kí BRT tó kúrò ní Ìkòròdú, kí n ja ìkejì tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá mú wa ní Mile 12, kí n sì pa fóònù mi dé. Kò sí ìtàn gígùn téèyàn ń kà, kò sí pé à ń rìn káàkiri inú igbó. Ẹ kàn máa to orí àwọn ẹranko yẹn ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á fọ́, ẹranko tó wà lókè á máa jìyà, agbára ẹ̀ bá tán ẹ ju bọ́ọ̀lù lù ú, tó bá dúró sínú ẹ̀ ó di tiyín nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹranko kan tó ń jẹ́ Gyarados, mo ti borí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà o, mo sì máa ń borí ẹ̀ nígbà tó bá ku múùfù kan (iye ìgbà téèyàn lè gbé nǹkan nínú ìjà kan ni wọ́n ń pè ní múùfù) tàbí tí kò ku rárá, inú mi á dùn, màá ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á là, ẹranko á lọ. Tíìmù mi ni Pikachu, Pidgeot, Charmander àti Squirtle, àwọn tí ọmọ mi fẹ́ràn nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, pé kò ní wọlé àfi tí mo bá fi owó ra júwẹ́lì inú géèmù. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé orí ire lásán ni àbí nǹkan kan wà tí mi ò mọ̀? Mi ò fẹ́ ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ náà, ó ń mú ara mi silé lẹ́yìn iṣẹ́.

Bàbá Dátà

Ìyá Mofẹ́, àbúrò ọkọ yín ò parọ́ o. Mo ti gbá géèmù kan báyìí rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ti to-mẹ́ta-pọ̀ náà ni, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó rọrùn bí ẹ̀kọ, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ọ̀nà dí, wọ́n ní kí n ra nǹkan kékeré, mo rà á, wọ́n tún ní kí n ra òmíì, nígbà tí mo máa fi wo ohun tó ti kúrò ní àkáǹtì mi owó ilé ìwé ọmọ ti wà nínú ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ohun tó ń jẹ́ ọkàn márùn-ún yẹn, tẹ́ ẹ fi ń wọ ìjà, tó bá tán ẹ dúró, ṣebí torí kí sùúrù yín lè tán ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá máa gbá a ẹ yọ káàdì yín kúrò lórí fóònù yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀ta Ayò

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìrìnàjò, mo mọ ọ̀nà Ìkòròdú yẹn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Dátà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ohun tẹ́ ẹ sọ dùn mí, ọ̀rọ̀ káàdì yẹn mo sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ti Gyarados yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Nǹkan kan wà tó ń sápamọ́ nínú Shuffle tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Géèmù yẹn ò wo pé ẹ borí nìkan, ó ń wo iye múùfù tó ṣẹ́ kù fún yín nígbà tẹ́ ẹ borí. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ìdá tiẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kó wọ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà múùfù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ò lò á fi díẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ, mi ò sọ pé ti Gyarados gan-an nìyí o: ká ní 20% ló bẹ̀rẹ̀, tí múùfù kan sì ń fi 5% kún un. Tẹ́ ẹ bá fi múùfù tó gbẹ̀yìn borí ẹ̀, 20% lẹ fi ju bọ́ọ̀lù. Tó bá ku mẹ́jọ, 20 pẹ̀lú 40, ó ti di 60%. Ẹranko kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, ọkàn kan náà lẹ fi wọlé. Ẹ ṣáà ti rí i pé ẹ̀ ń borí, ẹ wá rò pé iṣẹ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe.

Mo tiẹ̀ jókòó ṣírò ẹ̀ẹ̀mẹfà yín yẹn. Tí èèyàn 100 bá ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹfà-mẹ́fà ní 20%, bí 26 nínú wọn ò ní mú nǹkan kan. Ọ̀kan nínú mẹ́rin! Torí náà orí yín ò burú, kò sí ẹni tó ń yàn yín jẹ.

Ó wá ku ohun tó ń jẹ múùfù yín. Tíìmù ni. Gyarados, omi ni. Charmander, iná ni, Squirtle, omi ni, ààbọ̀ ni ìyà tí àwọn méjèèjì ń fi jẹ ẹ́, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá to wọn ńṣe ni múùfù ń ṣòfò. Pidgeot ò ṣe púpọ̀ kò ṣe díẹ̀. Pikachu nìkan ló ń ja ìjà gidi níbẹ̀ torí iná mànàmáná máa ń ṣe omi lọ́ṣẹ́, ìlọ́po méjì. Ìdá kan nínú mẹ́rin tíìmù yín ló ń ṣiṣẹ́, àwọn tó kù ń wòran. Ẹ yọ wọ́n, ẹ kó àwọn oníná mànàmáná àti àwọn eléwé wọlé: Pikachu, Dedenne, Bulbasaur, Chikorita. Ọmọ yín á bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ti gbá Pokémon àtijọ́ á ní eléwé ò ṣe Gyarados ní nǹkan kan pàtó, torí omi àti ìyẹ́ ló jẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ nínú Shuffle ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ẹranko kọ̀ọ̀kan ní, Gyarados ibí omi pọ́ńbélé ni, ewé ń ṣe é lọ́ṣẹ́ dáadáa. Ibi tí àwọn àgbà Pokémon ti máa ń ṣì í nìyẹn.

Ìkẹyìn, ẹ má sáré. Múùfù ni wọ́n ń kà, wọn ò ka àkókò, àyàfi àwọn ipele àkànṣe tí wọ́n ń pè ní EX tó ní aago. Tẹ́ ẹ bá mọ ayò ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀pẹ rí méjì ó sáré jẹ ẹ́, ọ̀ta fi méjì yẹn sílẹ̀, ó ń kó odù jọ. Bọ́ọ̀dù yẹn, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà ni, 36. Ẹ wò ó yíká kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tí mẹ́rin bá tò, ìyà á di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, tó bá jẹ́ márùn-ún, ìlọ́po méjì. Márùn-ún ẹ̀yà tó ń ṣe é lọ́ṣẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì lórí ìlọ́po méjì, ẹ ro ìyẹn wò.

Àbíkẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ kú alẹ́ mà, ẹ kú alẹ́ sà. Bọ̀ọ̀dá Ọ̀ta Ayò ti sọ ọ́ tán, mo kàn fẹ́ fi ọ̀kan kún un torí mo rí i pé gbogbo ẹni tó ti Candy Crush wá ló ń ṣe é, èmi náà ṣe é fún bí oṣù kan. Ní Candy Crush èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan lẹ lè bá pààrọ̀. Ní Shuffle kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ lè gbé ti òkè lọ́wọ́ òsì lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ibikíbi. Mọ̀mí, ẹ wò ó bóyá ẹ̀ ń lo ìyẹn, torí ojú wa ti mọ́ ọn lára láti máa wo ẹ̀gbẹ́ nìkan.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé méjì ló ń ṣí nípò. Tẹ́ ẹ bá gbé Pikachu lọ sí ibi tí Pikachu méjì ti wà, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá sí ibi tí Pikachu ti kúrò. Tẹ́ ẹ bá wá yan ibi tí òun náà á ti bá méjì irú ẹ̀ pàdé, ìtò méjì nìyẹn nínú múùfù kan. Mo máa ń wá irú ẹ̀ kọ́kọ́ ná kí n tó ṣe ohunkóhun. Kì í yá lákọ̀ọ́kọ́, ojú á mọ̀ ọ́n.

Nínú àwọn ipele míì ẹranko máa ń sọ òkúta sínú bọ́ọ̀dù, tàbí kó fi yìnyín dì wọ́n. Òkúta, ẹ to nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, á fọ́. Èyí tí yìnyín bò ò ṣeé gbé, àmọ́ ẹ lè gbé méjì wá bá a níbi tó wà, yìnyín á kúrò. Ẹ má bá òkúta jà títí múùfù á fi tán o, tí kò bá dí yín lọ́wọ́ ẹ fi í sílẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Peckham

Inú mi dùn pé àwọn èèyàn ṣì ń gbá eléyìí! Orí Nintendo 3DS, ẹ̀rọ géèmù àmúlọ́wọ́, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi, oṣù kejì 2015 ló jáde, ti fóònù tẹ̀lé e lọ́dún yẹn náà. Àwọn Genius Sonority ní Japan ló ṣe é, àwọn kan náà ló ṣe Pokémon Trozei fún DS lọ́dún 2005, ẹni tó bá gbá ìyẹn á rí i pé ọmọ ẹ̀ ni Shuffle. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù 3DS pa ní oṣù kẹta 2023, íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ ní oṣù kẹrin 2024, tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ipele tó wà nínú ẹ̀, mi ò lè jù ú nù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi, bí ẹ bá fẹ́ ibi tí irú géèmù yìí ti ní ìjìnlẹ̀, Puzzle & Dragons ni, ti GungHo, 2012. Níbẹ̀ ẹ ò kàn pààrọ̀ méjì, ẹ fi ìka mú ọ̀kan ẹ sì ń wọ́ ọ kiri gbogbo bọ́ọ̀dù fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin márùn-ún, gbogbo èyí tó bá kọjá lára wọn á máa yí padà, ẹni tó mọ̀ ọ́n á tò mẹ́fà méje lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ti Shuffle lọ, ẹyin ni ẹranko fi ń jábọ́ fún yín. Ṣáájú gbogbo wọn sì ni Puzzle Quest, 2007, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí èmi rí i pé títo mẹ́ta lè di ìjà, kódà níbẹ̀ ẹ lè mú ẹranko tẹ́ ẹ bá yanjú àdììtú ẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbá géèmù nínú ọkọ̀ ṣá, mo gbà pé Shuffle ló yẹ. Puzzle & Dragons fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í.

Bàbá Dátà

Ọ̀ta Ayò, mo ka ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó yé mi, ẹ ṣé. Mi ò mọ ti múùfù tó ṣẹ́ kù yẹn. Síbẹ̀ mi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọkàn. Kí ló dé tí èèyàn ò lè gbá ohun tó wà lórí fóònù ara ẹ̀ nígbà tó bá wù ú?

Ọ̀ta Ayò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ̀bi. Ó yẹ kí wọ́n ta géèmù yẹn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n jẹ́ ká gbá a, èmi náà ì bá san án tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ bó ṣe wà yìí, ọkàn kan máa ń padà ní ìṣẹ́jú 30, márùn-ún á kún ní wákàtí méjì àbọ̀. Ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ tó sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, ó tó o. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń dúró dè, júwẹ́lì kan fún ọkàn márùn-ún, ibẹ̀ ni owó ti ń jáde. Ìyá Mofẹ́ kì í ṣe irú ẹni yẹn.

Ìyá Mofẹ́

Ẹ ṣé gan-an o, gbogbo yín, Olúwa á bù kún yín. Ojú mi là. Ó ṣì ku ìbéèrè kan, tí bọ́ọ̀lù bá là, nǹkan kan máa ń jáde tó ní Great Ball, 2,500 kọ́ìnì. Ṣé owó gidi nìyẹn? Ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀ta Ayò

Rárá, kọ́ìnì inú géèmù ni, èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí bẹ́ ẹ ṣe ń jà. Ó máa ń sọ ìdá yín di ìlọ́po méjì. Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń pariwo múùfù: ìlọ́po méjì 20% ni 40%, ẹ lè ná 2,500 kó tún là. Ìlọ́po méjì 50%, ó ti wọlé nìyẹn, kò tún sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà jáde. Èmi kì í rà á tí ìdá mi ò bá tíì tó bí 35%. Lábẹ́ ìyẹn màá jẹ́ kó lọ, màá padà wá bá a jà.

Tí kọ́ìnì yín bá kéré, ẹ máa wo ìgbà tí ipele Meowth bá wà níta. Kọ́ìnì gan-an lẹ̀ ń tò níbẹ̀, mẹ́ta jẹ́ 100, mẹ́rin 300, márùn-ún 500. Ẹ má fi ọkàn ọjọ́ yẹn ṣe nǹkan míì.

Àbíkẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ má jẹ́ kí àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ fa ojú yín mà. Moves +5 jẹ́ 800 kọ́ìnì, ìyẹn dáa, múùfù márùn-ún tẹ́ ẹ lè má lò á di ìdá fún yín. Complexity −1 jẹ́ 9,000! Ó ń yọ ẹ̀yà ẹranko kan kúrò nínú bọ́ọ̀dù kí ìtò lè máa fa ìtò, ó dùn ún wò gan-an, àmọ́ mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nílò ẹ̀ fún Gyarados.

Ìyá Mofẹ́

Ẹ wá gbọ́ o! Mo dúró kí n tó kọ ọ́ torí mo fẹ́ kó dájú. Lánàá mo yọ Charmander àti Squirtle, mo yọ Pidgeot náà, mo fi àwọn mẹ́rin tẹ́ ẹ dárúkọ síbẹ̀. Ìjà àkọ́kọ́ ṣì rí bákan náà, torí mò ń sáré, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára láti máa to èyí tí mo bá rí. Ìkejì mo ní ó tó, mo gbé fóònù sórí itan, mo kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀dù títí tí ọkọ̀ fi kúrò ní Ketu. Mo rí Pikachu kan lọ́nà jíjìn tó jẹ́ pé tí mo bá gbé e, Bulbasaur tó máa bọ́ sí ipò ẹ̀ á bá méjì pàdé, ohun tí Àbíkẹ́ sọ gan-an! Gbogbo ẹ̀ fọ́ lẹ́ẹ̀kan, òkè tún já wálẹ̀ ó tún tò fúnra ẹ̀. Ara mi yá débi pé obìnrin tó jókòó tì mí béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo fi hàn án.

Ó ku múùfù méje nígbà tí agbára Gyarados tán. Méje! Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ là. Mo wo ìdá tó wà níbẹ̀, ó ti ju 35 tẹ́ ẹ sọ lọ, mo wá ra Great Ball yẹn. Ó wọlé.

Nígbà tí mo délé mo fi han Mofẹ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi kò fún mi mọ́ títí ó fi sùn. Òun ló ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín, ó ní ṣé Mewtwo wà níbẹ̀.

Ọ̀ta Ayò

Ẹ kú oríire! Ẹ bá mi kí Mofẹ́. Ẹ sọ fún un pé ó wà, ipele 150, Mega Mewtwo Y, ìyẹn Mewtwo tó ti yí padà di alágbára, ló ń dúró dè yín níbẹ̀. Kí ẹ tó dé ibẹ̀ ẹ máa tọ́jú àwọn ẹranko ẹ̀yà òkùnkùn, iwin àti kòkòrò tẹ́ ẹ bá mú, ẹ máa fi wọ́n jà kí lẹ́fẹ̀lì wọn lè gòkè, torí àwọn ló ń ṣe é lọ́ṣẹ́. Ẹ sì tọ́jú kọ́ìnì.